Màmá mi ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ́, wọn ò sì sọ fún dókítà

ỌmọElélùbọ́ (Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ kọjá agbára mi.

Ẹni ọdún 67 ni Màmá mi. Ṣakí ni wọ́n ń gbé, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, amlodipine oní mílígíráàmù 10 ni wọ́n sì kọ fún wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bá wọn lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wọn bípí wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó jẹ́ 182/108. Dókítà béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín déédéé?" Màmá ní, "Mò ń lò ó, ọmọ mi, ojoojúmọ́ ni." Dókítà bá fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, lisinopril, kún un.

Nígbà tí a délé, mo ń bá wọn gbá yàrá ni mo rí páálí oògùn mẹ́rin lábẹ́ ìrọ̀rí, wọn ò tíì ṣí ọ̀kankan níbẹ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní nígbà tí àwọn ń lò ó, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ àwọn á wú débi pé bàtà ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ní táwọn bá fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn, kò sì ní tètè kún padà. Ará àdúgbò kan ló sọ fún wọn pé kíndìnrín ló ń bàjẹ́ yẹn. Wọ́n bá pa oògùn tì. Oṣù márùn-ún rèé.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún dókítà. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ń ṣe sùúrù fún mi. Ṣé kí n wá máa sọ lójú rẹ̀ pé oògùn rẹ̀ ò dáa ni?"

Ìbàdàn ni mo wà, mi ò lè máa ṣọ́ wọn. Ṣé kí n pe dókítà láìjẹ́ kí Màmá mọ̀? Ṣé kí n ní kí àbúrò mi máa fi dandan fún wọn lò?

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbá (Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú aájò Màmá. Ọdún 19 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, irú Màmá yìí ò sì ṣàjèjì sí mi rárá.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú jù. Ẹ má jẹ́ kí Màmá bẹ̀rẹ̀ oògùn méjèèjì pọ̀ lọ́la. Ohun tí dókítà rò ni pé apá amlodipine nìkan ò ká ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, ló ṣe fi èkejì tì í. Kò mọ̀ pé Màmá ò lo èyíkéyìí. Ẹni tó ti pa oògùn tì fún oṣù márùn-ún tó wá ṣàdédé gbé méjì mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá dìde lóru pé òun fẹ́ lọ tọ̀, òòyì lè gbé e ṣubú. Ẹ pe ọsibítù náà láàárọ̀ ọ̀la, ẹ sọ òtítọ́, kí wọ́n sọ èyí tí Màmá máa bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ bí ẹnu wọn bá wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ò gbéra, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, tí àyà ń dùn wọ́n, tí èémí ò tó wọn, tí ojú wọn ṣú, tàbí tí orí fọ́ wọn bí kò ṣe fọ́ wọn rí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọsibítù lọ́gán.

Ní ti ohun tí wọ́n sọ fún dókítà, ẹ má bínú sí wọn. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera la máa ń béèrè ọ̀rọ̀ náà bíi pé ìdánwò là ń ṣe fún èèyàn. "Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?" Ta ló fẹ́ sọ pé "rárá" nígbà tí èrò jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀? Mo ti yí tèmi padà. Màá jókòó ti màmá náà, màá ní, "Màmá, oògùn yìí máa ń ṣòro lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èwo ló ń yọ yín lẹ́nu nínú wọn? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbàgbé ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹnu wọn á là. Ẹlòmíràn á sọ pé owó ni kò tó, ẹlòmíràn á ní ìtọ̀ ni kò jẹ́ kí òun ráyè jókòó lọ́jà. Ọkùnrin mìíràn á ní kí n sún mọ́ òun, á wá rọra sọ fún mi pé nǹkan ọkùnrin òun ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ látìgbà tí òun ti ń lò ó. Gbogbo rẹ̀ ló ní ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ná.

BàbáTáyé (Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Káfíńtà ni mí. Lọ́dún 2018 wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo lo oògùn fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ mi, mo dúró. Orí ò fọ́ mi, àyà mi ò já, mo ń gun àjà, mò ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbà pé ara mi ti yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2019, mo ń kan férémù fèrèsé. Mo fẹ́ mú ìṣó nínú agolo, ọwọ́ ọ̀tún mi ò gbọ́ràn. Mò ń wò ó, ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò ṣí. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà rò pé mò ń bá òun ṣeré.

Mo ti ń rìn báyìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, ìyàwó mi ló ń bá mi dè é. ỌmọElélùbọ́, ẹ ka èyí sí Màmá létí. Ẹ sọ fún wọn pé èèyàn kan ló kọ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n ń fi dẹ́rù bà wọ́n.

ỌmọElélùbọ́ (Ajé, 9:58 alẹ́)

Omi bọ́ lójú mi, Bàbá. Màá kà á fún wọn. Ẹ ṣeun gan-an ni.

OlóyèKékeré (Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Àwọn bàbá ńlá wa ò mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn òyìnbó ni. Kí Màmá fi Maggi sílẹ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ ilẹ̀ wa, kí wọ́n sinmi ìrònú, á lọ fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbá (Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, Olóyè. Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Ọdún 1896 ni Riva-Rocci, ará Ítálì, ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Ọdún 1905 ni Korotkoff, ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé ohùn tí à ń fetí sí nínú rẹ̀. Ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá ńlá wa? Ẹni tó ń múra oko láàárọ̀, tó ṣubú lulẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan kú, "ayé ló ṣe é" ni wọ́n ń sọ. Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe, tó di olóògbé ní 2020, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń wò, lórí ilẹ̀ wa níbí.

Ọ̀rọ̀ Maggi tí ẹ sọ, òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ti dé 182, oúnjẹ nìkan ò lè dá a gbé.

ÌyáỌlọ́bẹ̀ (Ìṣẹ́gun, 8:03 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ọbẹ̀. Ọkọ mi ni tirẹ̀ ń ru nílé wa. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa, mo yọ iyọ̀ kúrò pátápátá lọ́jọ́ kan náà. Ọbẹ̀ náà tẹ́, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jẹun níta, iyọ̀ tó wá ń jẹ níbẹ̀ ju tilé lọ.

Ni mo bá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kúùbù mẹ́ta di méjì, ó di ẹyọ kan, ó wá dòfo. Mo fi irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí dípò rẹ̀, mo fi àlùbọ́sà, efinrin àti ata rodo kún un. Ó gbà wá tó oṣù méjì. Ní báyìí, bí a bá jẹun lóde àríyá, òun gan-an ló máa ń sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

ApoògùnMọ́kọ́lá (Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Ìyá Ọlọ́bẹ̀, ẹ ṣeun. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fẹ́ ni pé kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún dé orí. Èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti kúùbù wà lára rẹ̀. Kí n sì fi ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí iyọ̀ kún un, káún. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ wà nínú káún náà. Ẹni tó sá fún iyọ̀ tó wá ń da káún sí ewédú àti ẹ̀wà kò tíì sá jìnnà.

Ó ku ẹsẹ̀ Màmá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, oògùn náà lè fà á. Amlodipine máa ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ là, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn á là, àwọn tó ń gbé e padà ò là tó bẹ́ẹ̀. Omi á wá máa jò láti inú òpó sínú ẹran ara, á sì ṣàn wálẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ń lo 10 ju ẹni tó ń lo 5 lọ, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kíndìnrín kọ́ ló ń bàjẹ́ yẹn. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ kì í sì í ṣe púpọ̀ sí i, nítorí kì í ṣe pé omi pọ̀ jù lára, ibi tó lọ dúró sí ni kò tọ́. Síbẹ̀, ọkàn tàbí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè mú ẹsẹ̀ wú lóòótọ́, nítorí náà kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò, kí ọkàn lè balẹ̀.

Ọ̀nà wà. Dókítà lè dín in kù sí 5, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó fi oògùn mìíràn tì í tó máa ń mú kí wíwú náà dín kù. Lisinopril tó kọ yẹn gan-an wà lára irú wọn. Ẹ tún ṣọ́ èyí: amlodipine máa ń pẹ́ lára. Bí èèyàn bá dá a dúró lónìí, agbára rẹ̀ á ṣì wà fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á lọ wọn bípí lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rí i pé kò gòkè, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, mi ò nílò rẹ̀."

Ìbéèrè mi rèé. Kí ni Màmá ń lò fún orúnkún? Ẹni ọdún 67 tó ń jókòó ti igbá èlùbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ara á máa ro wọ́n. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo nǹkan. Ẹ bi wọ́n pé kí ló máa ń bá wọn mú ara dẹ̀.

EwéJẹ́ (Ìṣẹ́gun, 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Kí ni ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe? Egbò asofẹ́yẹjẹ ni kí Màmá rẹ sínú omi. Bàbá mi fi wo ọ̀pọ̀ èèyàn, ara wọn á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n á sùn. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ò fẹ́ ká mọ̀ ni.

ApoògùnMọ́kọ́lá (Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, Bàbá yín mọ iṣẹ́, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó jẹ́ òótọ́. Asofẹ́yẹjẹ ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Reserpine ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n yọ ọ́ jáde ní Switzerland láti inú egbò ìbátan rẹ̀ kan tó ń hù ní Íńdíà, wọ́n sì fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa Brinerdin tí wọ́n ń lò nígbà kan. Reserpine wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ìwọ̀n. Nínú hóró Brinerdin kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù ni reserpine tó wà níbẹ̀. Ta ló mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan? Egbò tí wọ́n wà lóko yìí lè lágbára ju ti oko kejì lọ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn á máa lù lọ́ra. Bí èèyàn bá sì lò ó pẹ́, ó lè kó ìbànújẹ́ bá a, kó máa sunkún láìmọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ń lo amlodipine, tó ń lo lisinopril, tó wá gbé asofẹ́yẹjẹ lé e, ewu ńlá ni. Bí Màmá bá ti ń mu àgbo kankan, kí dókítà gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn.

ÌyàwóTísà (Ìṣẹ́gun, 6:31 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Lisinopril tí ẹ ń sọ yìí lèmi náà ń lò láti ọdún kejì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo ti lóyún, ó ti wọ oṣù kẹta. Ṣé kò sí nǹkan?

ApoògùnMọ́kọ́lá (Ìṣẹ́gun, 6:36 ìrọ̀lẹ́)

Arábìnrin mi, ẹ pe dókítà yín lálẹ́ òní, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Lisinopril àti àwọn ìbátan rẹ̀, títí kan losartan, kò dára fún aláboyún. Ó lè ṣe kíndìnrín ọmọ inú léṣe, pàápàá bí oyún bá ti kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹ má sì kàn dá oògùn dúró kí ẹ jókòó sílé, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru nínú oyún léwu fún ìyá àti ọmọ. Methyldopa, labetalol àti nifedipine wà tí wọ́n ń fún aláboyún. Dókítà ló máa mú èyí tó bá yín mu. Ẹ padà wá sọ fún wa, ẹ jọ̀ọ́.

AdéPeckham (Ọjọ́rú, 12:05 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mo ń gbé pẹ̀lú Màmá tèmi. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a ra ẹ̀rọ bípí sílé. Dókítà wa níbí fẹ́ kí a wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Yóò yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, yóò ṣírò ìyókù. Ti ọsibítù, 140/90 ni ààlà tí wọ́n ń wò. Ti ilé, 135/85 ni, torí ara èèyàn máa ń balẹ̀ nílé.

Àṣìṣe la kọ́kọ́ ń ṣe. Màmá á ti ilé ìdáná dé, wọ́n á nawọ́, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fún mi bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fún wọn lápá. Ó gbé 171 jáde. Nọ́ọ̀sì wá kọ́ wa. Kí wọ́n tọ̀ tán. Kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn, kí aṣọ má sí lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n má jẹ obì, kí wọ́n má sì mu kọfí fún ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Kí wọ́n dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ti Màmá bọ́ sí 148 lọ́jọ́ náà gan-an, láìfi oògùn kún un. Bí apá Màmá yín bá tóbi, kí ẹ ra èyí tí aṣọ rẹ̀ gùn. Aṣọ tó há máa ń mú kí iye náà ga ju bó ṣe rí lọ.

ỌmọElélùbọ́ (Ọjọ́rú, 9:22 alẹ́)

Apoògùn, ẹ̀rù yín bà mí. Ẹ ò tíì rí Màmá rí!

Mo ní kí àbúrò mi bi wọ́n bí ẹ ṣe kọ́ mi. Wọ́n ò jiyàn rárá. Wọ́n na ọwọ́ sí agolo mílíìkì àtijọ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá èlùbọ́, wọ́n mú náílọ́ọ̀nù dúdú kan jáde. Inú rẹ̀ ni oògùn wà, ẹni tó tà á ti fi sáàsì gé káàdì rẹ̀ sí ẹyọ méjì-méjì, ó ti gé orúkọ náà já. "DICLOF" nìkan ló hàn. Ìyẹ̀fun èlùbọ́ ti bò ó. Olóògùn tó ń kiri ní ọjọ́ ọjà ló ń tà á fún wọn. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, láti ìgbà òjò.

ApoògùnMọ́kọ́lá (Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́)

Diclofenac ni, oògùn ara ríro. Ẹ ní kí wọ́n dá a dúró láti òní. Òun àti ibuprofen máa ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú, ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ẹsẹ̀ pàápàá lè wú sí i. Wọ́n sì ń ba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́. Bí ẹ bá wá gbé lisinopril lé diclofenac, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀. Fún orúnkún, kí wọ́n béèrè paracetamol àti ìwọ̀n tó yẹ wọ́n lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan: páálí mẹ́rin yẹn, lisinopril, náílọ́ọ̀nù dúdú, àgbo bó bá wà. Kí Màmá gbé àpò náà kalẹ̀ níwájú dókítà. Wọn ò tiẹ̀ nílò láti sọ̀rọ̀ púpọ̀, àpò náà á bá wọn sọ ọ́.

ÌyàwóTísà (Ọjọ́bọ̀, 2:14 ọ̀sán)

Mo ti ti ọsibítù dé. Methyldopa ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, wọ́n sì ní kí n máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn.

BàbáTáyé (Ọjọ́bọ̀, 2:40 ọ̀sán)

Olúwa á sọ̀ yín ní àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní.

ỌmọElélùbọ́ (Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, 7:05 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n má tíì sọ̀rọ̀ títí nǹkan á fi yé mi.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Ṣakí, èmi àti Màmá la jọ lọ. Nínú mọ́tò ni mo ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá Táyé fún wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n gbé àpò lé tábìlì, wọ́n kúnlẹ̀. Dókítà fò dìde, ó dì wọ́n mú, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kúnlẹ̀ fún mi." Màmá ní, "Ọmọ mi, oògùn yìí mú ẹsẹ̀ mi wú, ojú rẹ ló tì mí." Dókítà náà jókòó, ó ní òun ò bi wọ́n léèrè nípa ẹsẹ̀ rí, pé òun ló yẹ kó béèrè.

Ó yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kíndìnrín ṣì dára. Ó dín amlodipine kù sí 5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n fi lisinopril tó kéré kún un, pé bí ikọ́ gbígbẹ bá ń ṣe wọ́n, kí wọ́n tètè sọ. Paracetamol ló kọ fún orúnkún. Mo ra ẹ̀rọ bípí, àbúrò mi ló ń bá wọn wọ̀n ọ́n bí AdéPeckham ṣe sọ. Lánàá, 146/88 ni. Dókítà ní ó ṣì yẹ kó wálẹ̀ sí i, a máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbá (Àìkú, 7:31 alẹ́)

Ẹ bá mi kí dókítà yẹn. Mo fẹ́ràn ohun tó sọ.

BàbáTáyé (Àìkú, 7:48 alẹ́)

Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?

ỌmọElélùbọ́ (Àìkú, 7:50 alẹ́)

Ó ń wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, Bàbá, àmọ́ bàtà ń wọ̀ ọ́. Èyí aláwọ̀ búlúù tí mo rà fún wọn lọ́dún Kérésì ni wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí.